Ẹni Tó Ti Jẹun Nílé Wa

Èdè kan wà tí èèyàn méjì péré ń sọ láyé yìí, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì sì ti kú. Màmá ni. Ìyá tó bí bàbá mi ni wọ́n, ọmọ Èkìtì, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tó bá wa gbé ní Thamesmead nílùú òyìnbó fún ọdún mọ́kàndínlógún. Èmi Tọ́pẹ́ ni ẹnì kejì. Woolwich ni wọ́n bí mi sí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, tí ẹ bá sì rí ibi tí mo ti ṣi Yorùbá sọ, ẹ má bú Màmá. Wọ́n gbìyànjú.

Múwẹ̀ ni orúkọ èdè náà. Ó túmọ̀ sí “sún mọ́ mi kí o jókòó.” Èmi àti Màmá la jọ ṣe é, láti orí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé orí òfin tó kẹ́yìn, nínú jótà aláwọ̀ ewé kan tó wà níwájú mi báyìí, tí epo pupa ti rin etí ẹ̀. Ọgbọ̀n òfin ló wà níbẹ̀ tí a fẹnu kò lé lórí. Ìkọkànlélọ́gbọ̀n la fi jà fún ọdún mẹ́sàn-án, Màmá sì lọ láìjẹ́ pé ìjà náà parí. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ló fà á: ṣé a ṣì máa kà á mọ́ wa, àbí a ò ní kà á mọ́ wa mọ́? Mo máa débẹ̀. Màmá kì í kọ́kọ́ jẹ ẹran orí oúnjẹ wọn, ìparí ni wọ́n máa ń fi í sí, èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Lójú mi nígbà yẹn, gbogbo ayé ló ni Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àgbà ló ni Yorùbá, mo sì fẹ́ èyí tó jẹ́ tèmi. Màmá bá mi ní kíṣìnì lọ́jọ́ kan tí mò ń dá sọ̀rọ̀.

“Kí lò ń sọ?”

“Èdè ni, Màmá. Èmi ni mo ṣe é.”

Mo rò pé wọ́n máa ní kí n lọ kàwé mi. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. “Ta lò ń bá sọ ọ́?”

“Kò sẹ́ni.”

“Èdè tí èèyàn ń dá sọ kì í ṣe èdè, ikọ́ ni. Gbé ìwé yẹn wá.”

Nígbà yẹn mo ti ní ọ̀rọ̀ fún ìràwọ̀, mo ti ní ọ̀rọ̀ fún idà, mo tún ní ọ̀kan fún ọba tó sùn fún ẹgbẹ̀rún ọdún. Màmá tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi kà á tán. Wọ́n wá bi mí pé kí ni wọ́n ń pe iyọ̀. Mi ò tíì ṣe iyọ̀. Màmá wò mí bíi pé mo kọ́lé tí mo gbàgbé ilẹ̀kùn. “Ọba náà tó jí lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún,” wọ́n ní, “kí ló fẹ́ fi se ọbẹ̀?”

Bí iyọ̀ ṣe di “sosé” nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí sosé, torí a ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Mo wá kà á lórí kọ̀ǹpútà pé èdè gidi máa ń yí padà, pé ìró kan á di òmíràn, kì í sì í ṣe nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àfi nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ní ìró yẹn. Mo sáré lọ bá Màmá, mò ń fọ́nnu bíi pé èmi ni mo wá a rí. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, wọn ò gbójú sókè.

“Ìyẹn lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́? Ẹ̀yin ń pe ilé, àwa l'Ékìtì ń pe ulé. Ẹ̀yin ní igi, àwa ní ugi. Ẹ̀yin ní iná, àwa ní uná. Èwo lo fẹ́ kọ́ mi níbẹ̀?”

“Kí ló wá ń fà á, Màmá?”

“Ẹnu ni. Ẹnu ọmọ èèyàn ni gbogbo wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.”

Ẹnu tiwọn gan-an la sì fi ṣèwádìí. Eyín àtọwọ́dá ni eyín òkè wọn. Tí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, wọ́n á yọ ọ́ sínú ife, wọ́n á bò ó, á di ọjọ́ kejì. Láti ìgbà yẹn lọ, kò sí “s” mọ́ nínú ilé wa. Sosé ni iyọ̀ láàárọ̀, hohé ni lọ́sàn-án. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé òfin kẹsàn-án: lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo “s” á di “h.” Àwọn tó gbọ́n sọ pé ogun tàbí àjèjì ló sábà máa ń yí èdè padà. Tiwa, eyín ló bọ́. Màmá sì fi ń ṣe fáàrí. Tí mo bá ti ń pe ara mi ní onímọ̀, wọ́n á na ìka sí ife náà, wọ́n á ní, “Eyín mi ló ṣe òfin yẹn o, kì í ṣe ìwọ.”

Òfin kọkànlá, òtútù ló ṣe é. Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì, ìyá mi, ní ọsibítù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tí wọ́n ń pè ní Common ní Woolwich, èmi àti Màmá la sì máa ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn ní ọjọ́ Saturday tí wọ́n bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ní January kì í ṣeré. Ọ̀rọ̀ tí mo ṣe fún bọ́ọ̀sì sì gùn, “lábomírẹ́,” torí mo fẹ́ kó dùn létí. Lọ́jọ́ kan, a dúró níbùdó, mo kọ ẹ̀yìn sọ́nà, Màmá rí bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kì mí nílọ̀. Kí wọ́n tó pe lábomírẹ́ tán, lábomírẹ́ ti kọjá. A dúró fún ìṣẹ́jú méjìlélógún mìíràn, ìrẹsì Mọ́mì ti tutù bíi yìnyín. Láti ọjọ́ yẹn, “láb” ni. Màmá ní, “Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ò lè sọ pẹ̀lú síkáàfù òtútù lẹ́nu, kó máa lọ.”

Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ “ìwọ,” mo fẹ́ fi wú Màmá lórí. Mo ṣe méjì: ọ̀kan fún ẹgbẹ́ ẹni, ọ̀kan fún àgbà, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ní “o” àti “ẹ.” Mo rò pé wọ́n máa súre fún mi. Wọ́n mú báírò, wọ́n fagi lé ti àgbà.

Wọ́n wá sọ ìtàn ọjọ́ tí wọ́n dé ilé ọkọ, ní ìlú kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Wọ́n kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ, orúnkún méjèèjì wà nílẹ̀, wọ́n sì bi í pé, “Ṣé o jí dáadáa?” Bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílùú tiwọn nìyẹn nígbà náà. Ìyá ọkọ ò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ẹni tó kúnlẹ̀ ló ń bínú sí o! Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, obìnrin yẹn kan náà, apá Màmá ló kú sí, Màmá ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ. “Ọ̀wọ̀ kì í gbé ẹnu nìkan,” wọ́n ní. “‘Ìwọ’ kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo wa nínú èdè yìí.”

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ara mi. Mo ní, “Màmá, ṣé o fẹ́ mu tíì?”

“Ta lò ń sọ ‘o’ fún?”

“Ṣùgbọ́n ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní...”

“Ní Múwẹ̀ nìyẹn. Ní Yorùbá, mo ti jìyà tèmi, ìwọ náà á jẹ tìẹ.”

Èyí tó wá jẹ́ ọkàn èdè náà ni ọ̀rọ̀ tí a fi ń tọ́ka sí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Mo ṣàlàyé fún Màmá pé Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin. Màmá ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ìyẹn ṣe.

“Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹnì kan fún mi, ìyẹn kọ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀.”

“Kí lẹ fẹ́ mọ̀?”

“Ṣé ó ti jẹun nílé mi?”

Bí a ṣe ní “fá” àti “hìn” nìyẹn o. Fá ni ẹni tó ti jẹun nílé wa. Hìn ni ẹni tí kò tíì jẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá di fá, Màmá á lọ sí ọjà Woolwich, wọ́n á ra àwo kan fún un, wọ́n á gbé e sí kọ́bọ́ọ̀dù òkè síńkì. Kò sí méjì tó jọra. Tèmi ní àwòrán adìyẹ, ti Mọ́mì ní òdòdó pupa, ti Dádì jẹ́ tánganran funfun tó ní etí aláwọ̀ búlúù. Ẹ ò mọ adùn èdè yìí tí ẹ ò bá tíì wọ bọ́ọ̀sì láti Woolwich dé Thamesmead. Ọkọ̀ ojú irin ò dé ọ̀dọ̀ wa, bọ́ọ̀sì kan náà sì ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń wọ̀. Èmi àti Màmá á jókòó sẹ́yìn àwọn ìyá ìjọ, a ó máa ṣòfófó wọn ní Múwẹ̀, hìn báyìí, hìn bẹ́ẹ̀. Tí ẹ̀rí ọkàn bá wá ń na Màmá, wọ́n á pe ẹni náà wá jẹun. “Ó ṣòro,” wọ́n ní, “kéèyàn máa bú ẹni tó ti mọ ibi tí ṣíbí wà nílé ẹ̀.”

Hìn tó le jù ni Ọ́ńkù Kẹ́nì, òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń gbé lábẹ́ wa, tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ wa lọ́rì. Òun ò mọ “o” mọ “ẹ,” nítorí náà “ó” ni mò ń sọ fún un, ẹ má rí mi fín. Màmá máa ń gún iyán ní Saturday. Tí ọmọ odó bá ti dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Ọ́ńkù Kẹ́nì á fi igi ìgbálẹ̀ lu àjà láti ìsàlẹ̀. Màmá á gún, òun á lù. Màmá tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ odó, kò sàn. Ọdún méjì gbáko nìyẹn.

Saturday kan wá dé, Màmá gún iyán, kò sí ẹni tó lu àjà. Wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n tún gún un lẹ́ẹ̀kan, gbì! Kẹ́kẹ́. “Hìn ìsàlẹ̀ ò dá wa lóhùn,” wọ́n ní. “Tọ́pẹ́, wọ bàtà.” A kan ilẹ̀kùn títí kó tó ṣí i, ojú ẹ̀ pọ́n, ibà ti dá a wó láti ọjọ́ mẹ́ta. Màmá gbé iyán àti ẹ̀fọ́ wá fún un. Ó tọ́ ọ wò, ata kọ lu ú, omijé bọ́ lójú ẹ̀. Màmá padà sókè, wọ́n bọ iṣu, wọ́n fi bọ́tà sí i. Ó jẹ gbogbo ẹ̀. Ó ní òun ò tíì jẹ irú ọ̀dùnkún yìí rí láyé òun. Màmá ò tún un ṣe. Ní Monday wọ́n ra àwo tó ní àwòrán ọkọ̀ ojú omi, Ọ́ńkù Kẹ́nì sì di fá. Láti ìgbà yẹn, tí ìgbálẹ̀ bá lu àjà ní Saturday, ó ń béèrè pé ṣé ó ti jinná ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ṣọ́ọ̀ṣì, kí Mọ́mì tó ní mo yọ ọ́ kúrò. Ọjọ́ pẹ́ tí Mọ́mì ti ń gbàdúrà kí Màmá gba ẹ̀bùn Ẹ̀mí, kí wọ́n máa fi èdè titun sọ̀rọ̀ bí àwọn yòókù. Màmá máa ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n kò ṣẹlẹ̀. Ní Friday kan, Mọ́mì ní àlejò méjì ní pálọ̀, arábìnrin inú ìjọ ni wọ́n. Èmi ti gbàgbé ẹja síta láti àná, Màmá sì wà ní kíṣìnì, wọ́n ń bá mi wí ní Múwẹ̀ kí àwọn àlejò má baà gbọ́ pé ẹja wa ti rà. Inú ń bí wọn, ọ̀rọ̀ náà ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ. Àfi bí ẹnì kan ṣe kígbe “Jésù!” ní pálọ̀. Kí a tó mọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọwọ́ sókè, ẹkún lójú, Mọ́mì ń wárìrì. Màmá dúró pẹ̀lú ẹja lọ́wọ́. Wọ́n wò mí. Mo fojú bẹ̀ wọ́n pé, Màmá, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Wọn ò gbà á bẹ́ẹ̀. Ní Sunday, nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí bọ́ síwájú, Màmá bọ́ síwájú. “Èdè tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu mi ní Friday,” wọ́n ní, “ọ̀rọ̀ ẹja ni mò ń sọ. Èmi àti ọmọ ọmọ mi la ṣe èdè náà ní kíṣìnì. Ẹ̀mí Mímọ́ wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò dá sí i.” Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. Mọ́mì kọjú sí fèrèsé nínú bọ́ọ̀sì títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, wọn ò sì lè dúró. “Ṣé ẹ ò kàn lè dákẹ́ ni, Màmá?” Màmá ní, “Ìyàwó mi, mi ò lè fi orúkọ Ọlọ́run gba ìyìn ẹja.”

Ó ti wá kan ẹran báyìí.

Dádì fi wá sílẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Obìnrin kan wà ní Manchester. Ọjọ́ Tuesday ló lọ, mo wà ní ilé ìwé, kò dágbére. Ẹ ó rí i pé “ó” ni mò ń sọ fún bàbá mi. Mo mọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gbé ọkọ̀ wá láti wá mú ìyá ẹ̀ lọ. Lójú tiẹ̀, ìyá òun ni, ọ̀dọ̀ òun ló yẹ kó wà. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, kò wọlé.

“Màmá, mo ti tọ́jú yàrá fún yín.”

“O ṣeun. Wá jẹun.”

“Mo ti jẹun. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Màmá jókòó. “Délé, ọmọ mi ni ẹ́. Èmi ni mo bí ẹ, mi ò ní sọ pé mi ò bí ẹ. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó wà nínú ilé yìí, lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín, àwọn òbí ẹ̀ fà á lé mi lọ́wọ́. Mo gbà á lójú gbogbo èèyàn. Mi ò lè kó ẹrù mi jáde kí n fi í sílẹ̀.”

Mọ́mì wà ní bálùwẹ̀, wọ́n ṣí omi kí a má baà gbọ́ ẹkún wọn. A gbọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni Dádì jẹ́ fún Màmá o, òun nìkan ni wọ́n bí. Wọ́n jẹ́ kó lọ, wọ́n sì dúró ti ìyàwó. Tí wọ́n bá ní kí n sọ ẹni tí Màmá jẹ́ ní gbólóhùn kan, ìyẹn ni mo máa sọ.

Èmi ní tèmi, inú ń bí mi. Ní ọjọ́ kejì mo gbé àwo elétí búlúù yẹn, mo lọ jù ú sínú àpótí ìdọ̀tí nísàlẹ̀. Màmá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọn ò rí i. Wọn ò bi mí. Wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n wọ lífìtì. Mo wò wọ́n láti ojú fèrèsé: Ọ́ńkù Kẹ́nì ló di ìdérí mú, Màmá tẹ̀ wọ inú ẹ̀ títí dé ìgbáròkó. Wọ́n gbé e sókè, ó ti ṣẹ́ létí níbì kan. Wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Láti ìgbà náà, gbogbo Saturday, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́ tiwa. Mo bi wọ́n pé ta ló fẹ́ fi í jẹun. Wọ́n ní, “Àwo ni mò ń fọ̀.”

Mo ṣí jótà, mo kọ òfin kọkànlélọ́gbọ̀n: Ẹni tó bá jẹun nílé wa, tó sì lọ láìdágbére, ó ti padà di hìn. Màmá fagi lé e. Mo tún un kọ. Wọ́n tún fagi lé e. Ojú ewé yẹn ti ya, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, mo kọ ọ́ sórí sẹ́lótéèpù. Ní gbogbo ìgbà yẹn, tí orúkọ Dádì bá bọ́ sẹ́nu mi, hìn ni mò ń pè é, gbogbo ara ni mo sì fi ń pè é.

“Oúnjẹ tó ti wọ ikùn, ta ló lè ní kò wọ ibẹ̀?” Màmá á ní. “Ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́ nìyẹn.”

“Ó fi wá sílẹ̀, Màmá!”

“Ó fi wá sílẹ̀. Ṣe ọ̀rọ̀ fún ìyẹn, màá bá ẹ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n má sọ pé kò bá wa jẹun rí.”

Dádì máa ń pe Màmá lórí fóònù ní Sunday. Màmá á na fóònù sí mi, màá jáde sí kọ́ríídọ̀. Tí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀ tán, wọn kì í pa á, wọ́n á kàn dojú fóònù dé ẹ̀gbẹ́ àwo wọn, a ó sì jókòó, a ó máa jẹun, a ó máa sọ Múwẹ̀ wa lọ. Mo rò pé wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á ni. Lọ́jọ́ kan mo nawọ́ láti bá wọn pa á, wọ́n gbá mi lọ́wọ́. “Fi í sílẹ̀,” wọ́n ní, “ó ń sinmi.”

Nígbà tí àìsàn ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Màmá lẹ́nu, ọsibítù ẹ̀gbẹ́ Common náà la gbé wọn lọ. Ọ̀sán kan, eyín wà nínú ife, wọ́n ní kí n gbé jótà wá. Mo gbé báírò dání, mo mọ̀ pé òfin kọkànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fẹ́ fagi lé. Wọ́n wo ojú ewé náà pẹ́. Wọ́n dá báírò padà fún mi.

“Ṣé ẹ ti gbà ni?”

“Mi ò gbà. Ṣùgbọ́n tí mo bá lọ, ìwọ nìkan ló kù. Ohun tó o bá kọ ni èdè náà máa jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kó o ronú nígbà tí inú ò bá bí ẹ.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tọ́ ọbẹ̀ ọsibítù wò, tí wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì fún wọn ní hohé. Mo rẹ́rìn-ín, mo dé inú lífìtì, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ọjọ́ kẹrin, wọ́n sùn lọ.

A sin wọ́n síbi òkè kan ní apá Shooters Hill, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gèlè kiri. A padà sílé, ilé kún. Èmi ni mò ń bu oúnjẹ, torí èmi ni mo mọ ẹni tó ni àwo wo. Tó bá ti rẹ̀ mí, màá fẹ́ sọ ọ́ fún Màmá ní Múwẹ̀, màá rántí pé wọn ò sí mọ́. Ọ̀rọ̀ náà á wá dúró lẹ́nu mi, kò níbi tó ń lọ. Ikọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ.

Ìgbà tí àwọn èèyàn ti ń dín kù ni Dádì wọlé. Ó ti funfun lórí. Mọ́mì ní “Ẹ káàbọ̀,” wọ́n padà sí pálọ̀. Ó dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn kíṣìnì pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn.

“Mi ò ní pẹ́,” ó ní. “Mo ti jẹun.”

Ohun tó sọ lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn náà nìyẹn. Ọ́ńkù Kẹ́nì wà nídìí tábìlì kékeré, iṣu àti bọ́tà wà nínú àwo ọlọ́kọ̀ ojú omi níwájú ẹ̀. Ó mọ Dádì dáadáa, ṣebí òun ló di ìdérí ìdọ̀tí mú. Ó wo Dádì, ó wò mí, ó fi ṣíbí lélẹ̀.

“Fá?” ó bi mí. “Hìn?”

Èmi ò kọ́ ọ ní Múwẹ̀ rí. Màmá ló kọ́ ọ, nísàlẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Dádì ti tẹrí ba, ó ń wo bàtà ẹ̀.

Mi ò sọ pé mo ti dárí jì í. Ìyẹn ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀, mi ò tíì ṣe é. Ṣùgbọ́n inú ò bí mi lákòókò yẹn, ó kàn rẹ̀ mí ni, mo sì rí ọkùnrin kan tí ebi ń pa nílé ìyá ẹ̀. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Àwo elétí búlúù ló wà lókè pátápátá, torí òun ni Màmá fọ̀ kẹ́yìn.

“Fá,” mo ní. Mo bu ìrẹsì sí i.

Dádì bú sẹ́kún. Ìgbà tó yá, wọ́n bọ́ kóòtù, wọ́n jókòó. Wọ́n ní, “Mo mọ ohun tó bi ẹ́. Mo mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì.”

“Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?”

“Màmá kì í pa fóònù.”

Mo fara ti síńkì. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń jókòó sí Manchester ní Sunday, tí wọ́n ń gbọ́ bí ṣíbí wa ṣe ń dún, tí wọ́n ń gbọ́ mi tí mò ń pè wọ́n ní hìn, tí wọn ò sì pa fóònù.

Ọ́ńkù Kẹ́nì ò gbọ́ Yorùbá, kò mọ ohun tí a ń sọ. Ó rí ẹni tó ń sunkún sórí ìrẹsì, ó sì ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó rọra ti ìgò iyọ̀ sí Dádì lọ́wọ́.

“Hohé,” ó ní.

Hohé! Kò tíì gbọ́ sosé rí láyé ẹ̀. Ọ̀sán ni Màmá máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ kí i, pẹ̀lú eyín nínú ife. Ohùn wọn gan-an ló jáde lẹ́nu òyìnbó yìí, mo sì rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Dádì náà ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé, Ọ́ńkù Kẹ́nì ń wò wá, ó ń bi mí ṣé òun ṣì í pè ni.

Mọ́mì wá wo ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín nílé ọ̀fọ̀. Wọ́n dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn. Wọ́n wo Dádì, wọ́n wo àwo náà, wọ́n wò ó pẹ́.

“Tọ́pẹ́,” wọ́n ní, “fi ẹran sí i.”